Àwòrán Èso Pupa Tó Wà Lára Páálí

Gaàrí ni Suzanne fi rán Ésaïe lọ síléèwé. Nígbà tí bàbá wọn kú ní Bantè, àwọn ẹbí jókòó, wọ́n ní ọmọ kan gbọ́dọ̀ mọ̀wé nínú ilé yìí, kí ẹnì kan lè máa ka ohun tí àwọn ará ọ́fíìsì bá kọ ránṣẹ́. Ésaïe ni wọ́n mú, torí pé ọkùnrin ni. Suzanne tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí orí rẹ̀ sì pé ju ti àbúrò lọ, ìdí agbada ni wọ́n fi í sí. Lọ́dún 1972 tí Ésaïe wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalou, ilẹ̀ kì í mọ́ bá Suzanne lórí ẹní. Gbáàgúdá tó bá ti Gouka dé ni yóò bó, yóò rin ín, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò sẹ́ ẹ, yóò wá jókòó ti iná títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n. Aṣọ tí Ésaïe wọ̀, ìwé tó gbé dání, bàtà tó fi ń rìn, gbogbo rẹ̀ ló ti inú agbada náà jáde.

Ésaïe mọ̀wé lóòótọ́, a ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di akọ̀wé ní Savalou, ó ra mọ́bílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré, ó ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ gbọnrangandan. Bó bá ti wá sí Bantè, àwọn aládùúgbò á kó ìwé wọn dé. Òun náà á gbóhùn sókè, á máa ka Faransé, á máa túmọ̀ rẹ̀. Suzanne á ká apá mọ́ àyà, á máa wo ẹnu rẹ̀.

"Ojú tèmi ló ń kàwé yẹn," ló máa ń wí fún wọn.

Nígbà tó di ọdún 1983, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Suzanne, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù. Rakia, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn tó lọ, sọ fún un pé àrùn ṣúgà ni. Ó ní kó má fẹnu kan ṣúgà mọ́, kó má fẹnu kan oyin, kó sì dín gaàrí kù. Ẹ gbọ́ ná, ayangaàrí ni wọ́n ní kó dín gaàrí kù! Suzanne rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ràn. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló ń jẹ kiri, ara rẹ̀ sì ń mókun bọ̀.

Ìjọ aláṣọ funfun ni Suzanne ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti wọ aṣọ àdúrà níbẹ̀ kì í wọ bàtà mọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń ti ilé rìn dé ilé àdúrà. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára, àfi ìgbà tó rí ẹ̀jẹ̀ létí aṣọ rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ náà kọ̀, kò san.

Rakia wò ó, ó mi orí. "Màmá, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o. Bí ṣúgà bá tún gòkè lára yín báyìí, wọ́n á gé ẹsẹ̀ yìí ni."

Ẹ̀rù ba Suzanne gidigidi. Kò lọ́kọ mọ́, kò bímọ. Ta ni yóò máa lọ gbé gbáàgúdá wá, ta ni yóò máa pọn omi? Ẹsẹ̀ náà ló fi ń jẹun.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún wòlíì ìjọ wọn, Abel. Abel gbàdúrà, ó ní òun rí èso pupa roboto kan nínú àwo funfun, irú èyí tí kì í hù ní ilẹ̀ wọn. Kí wọ́n wá a rí, kí wọ́n gbé e síwájú pẹpẹ, kí wọ́n tan àbẹ́là sí i, kí Suzanne sì jẹ ẹ́ tán. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún aláìsàn nìyẹn, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ésaïe.

"Pọ́ọ̀mù nìyẹn, èso ápù àwọn òyìnbó," ni Ésaïe wí. Ó wá Savalou kiri, kò rí pọ́ọ̀mù kan. Ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ó rí páálí aláràbarà tó ti ìlú òyìnbó wá, wọ́n ya èso pupa roboto sí i lára. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ó ra gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn mọ́bílẹ́ẹ̀tì, ó di Bantè.

Tátì ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú rẹ̀: ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, tí wọ́n fi bo èso tí wọ́n ti sè, tí wọ́n wá yan. Suzanne gbà á, ó ń yí i wò.

"Ésaïe, ṣé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èso ni. Ohun tí wòlíì rí gan-an nìyí. Ẹ wò ó, wọ́n kọ pọ́ọ̀mù síbí gàdàgbà."

"Ka ìyókù fún mi."

"Èwo ni kí n kà níbẹ̀? Lẹ́tà wínníwínní lásán ni. Ẹ jẹ́ n tètè máa lọ, òjò ti ṣú."

Ó ṣáná sí mọ́bílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n gbàdúrà, Suzanne sì jẹ ẹ́. Ó dùn! Ó dùn ju oyin tó ń ti Atokoligbé wá lọ. Ahọ́n rẹ̀ sọ òótọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí adùn ti kan ahọ́n náà gbẹ̀yìn, àbúrò tó mọ̀wé ló sì ní èso ni. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá bébà tí wọ́n fi wé e. Ésaïe tún gbé òmíràn wá. Ìgbà tí wọ́n fi máa mọ̀, ẹsẹ̀ ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀.

Wọ́n gé e.

"Màmá, kí lẹ jẹ?" ni Rakia bi í, inú ń bí i. Suzanne fa páálí kan yọ nínú ẹrù rẹ̀. Ó ti tọ́jú rẹ̀ nítorí àwòrán ara rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú ló ń kó sínú rẹ̀. Rakia kà á.

"Ṣúgà ló wà níwájú. Ohun tí wọ́n bá kọ síwájú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun ló tẹ̀ lé e, ọ̀rá tẹ̀ lé e, ṣúgà olómi tún tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni èso wà. Wọ́n tilẹ̀ kọ ìwọ̀n ṣúgà tó wà nínú ẹyọ kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá gan-an kò yẹ kó jẹ méjì lójúmọ́."

"Ṣé ó hàn, nọ́ọ̀sì?"

"Ó hàn, Màmá. Ọmọ iléèwé lè kà á."

Suzanne kò tíì sunkún nítorí ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá sunkún.

Ésaïe kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ohun tó ń sọ fún àwọn ará ìjọ ni pé bóyá àdúrà ni kò tó. Èyí dun Suzanne ju gígé ẹsẹ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n kan àpótí ìjókòó fún òun sídìí agbada, ó ń yangaàrí rẹ̀ lọ, aládùúgbò ló ń bá a pọn omi.

Lọ́dún 1989, ìjọba ò rówó oṣù san mọ́. Ésaïe ta mọ́bílẹ́ẹ̀tì, ó padà sí Bantè, ìdí agbada náà ló tún bọ́ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún kejì, ó bu gaàrí sínú abọ́, ó da omi tútù lé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ṣé ẹ ní ṣúgà díẹ̀ tí n lè fi mu ún?"

Suzanne dá ọwọ́ dúró lórí iná.

"Ó wà nínú páálí tó wà lókè yẹn. Gbé e wá."

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí i. "Abẹ́rẹ́ àti òwú ló wà ńbí, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ṣúgà."

"Ó wà níbẹ̀. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o kà á."

Ésaïe yí páálí náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ gbé e sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Suzanne kò kúrò lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn tó máa ń kó àdúgbò jọ tẹ́lẹ̀ ti rẹlẹ̀ pátápátá. Ṣúgà. Ìyẹ̀fun. Ọ̀rá. Ṣúgà olómi. Pọ́ọ̀mù ló gbẹ̀yìn. Gaàrí ti mu omi tán nínú abọ́ níwájú rẹ̀.

"Àṣé o mọ̀ ọ́n kà," ni Suzanne wí, ó sì padà sídìí gaàrí rẹ̀.