Ẹsẹ̀ Victoria Fámúrewá

Ayálégbé lásán ni mí nínú agboolé Fámúrewá ní Ìṣẹ́ Èkìtì. N kì í ṣe ẹbí wọn, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kì í ṣe ẹbí wọn. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Yàrá mi dojú kọ yàrá Victoria, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tí ojú mi ò tó, tàbí tí kò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi.

Opó ni Victoria, ó ń súnmọ́ àádọ́rin ọdún, kò sì bímọ. Òun àti Bọ́lárìnwá, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n dá oko kókó tó wà lọ́nà Emùré. Nígbà tí Bọ́lárìnwá kú, òun nìkan ló ń ro ó, òun ló ń ká kókó, òun ló ń sá a. Oko yẹn ló ń bọ́ ọ, oko yẹn náà ló sì jẹ́ kí wọ́n ṣì máa kí i nínú agboolé.

Ẹ kúkú mọ àṣà wa. Gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọlábísí, àbúrò Bọ́lárìnwá obìnrin, ṣì ń lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé Victoria wọlé. Victoria ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń di irun rẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, "ẹ" ni Victoria ń bá a sọ, Ọlábísí sì ń fi "ìwọ" dá a lóhùn. Victoria ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè é, Ọlábísí tó jẹ́ pé bó bá gun ọ̀kadà, ẹlòmíì ò lè jókòó lẹ́yìn rẹ̀! Bí wọ́n bá pa adìẹ, ibi tó dára jù níbẹ̀, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ni ín. Mo máa ń wò wọ́n, inú a sì máa bí mi.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ Victoria bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Kì í ṣe àìsàn, ọjọ́ orí ni. Ọlábísí rí i níbi tó ti di igi mú kó tó lè dìde, ó sì lọ sọ fún Stephen, ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ olórí ẹbí. Ó pẹ́ tí ojú Ọlábísí ti wà lára oko yẹn. Stephen pe ìpàdé.

"Oko kì í ṣe ohun tí a á jókòó s'ulé jẹ," Stephen wí. "Bí kókó bá pọ́n, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹsẹ̀ rìn dé oko, kí ẹ sì fẹsẹ̀ rìn padà. Bí ìyàwó bá dé ibẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí kò bá dé ibẹ̀, Ọlábísí ló ni ulẹ̀ baba rẹ̀."

Ó rò pé òun ti dájọ́ bíi Sólómọ́nì. Victoria kúnlẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín àkókò yẹn ni Dókítà Adégòkè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, ó ń wá àwọn àgbàlagbà tí yóò bá a ṣe ìwádìí. Ó ní bí èèyàn ṣe ń dàgbà ni iṣan ara rẹ̀ ń joro. Ó ní àwọn tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí òkè lọ́hùn-ún, bí àwọn tó lọ sínú òṣùpá, níbi tí ara kì í ti í wúwo, ohun tí ọjọ́ ogbó ń fi ọdún púpọ̀ ṣe fún wa, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló fi ń ṣe é fún wọn, nítorí ẹsẹ̀ wọn ò gbé ẹrù kankan.

"Àwa ò ní irú ọkọ̀ yẹn," ó rẹ́rìn-ín, "àmọ́ a ní bẹ́ẹ̀dì."

Ẹni tó bá gbà yóò dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, orí rẹ̀ yóò rẹlẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, kò sì ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀, kódà láti tọ̀. Wọn yóò ṣẹ́ kèké. Wọn yóò máa fi iná mànàmáná kékeré gbọn iṣan itan àwọn kan, wọn ò sì ní fi iná kan àwọn yòókù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iná kì í jẹ́ kí iṣan joro. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fi eré ìdárayá mú gbogbo wọn padà sípò. Ohun kan ṣoṣo ni Victoria gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀: iná kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun joro. Ohun tí Ọlábísí náà gbọ́ nìyẹn. Àwọn méjèèjì forúkọ sílẹ̀.

Ilé ńlá kan tí wọ́n háyà ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n fi àwọn méjèèjì sí yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì wọn súnmọ́ ara wọn débi tí ọwọ́ lè kan ọwọ́. Wọ́n ṣẹ́ kèké, iná bọ́ sọ́wọ́ Victoria. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Mercy, nọ́ọ̀sì wọn, á lẹ páàdì tí iná ń gbà kọjá mọ́ itan rẹ̀, á tan ẹ̀rọ, á sì lọ sí yàrá mìíràn títí ẹ̀rọ yóò fi dún. Itan Victoria á máa ta pútúpútú fúnra rẹ̀ bí ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Ó ní ó ń ta òun lára, àmọ́ inú òun dùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ọlábísí yíjú sí i.

"Ìyàwó."

"Ẹ̀ẹ́n, ọkọ mi."

"Ùwọ lò ń jẹ uná, kí èmi máa wò ọ́ lẹ́nu? Ìgbà wo ni ìyàwó ti ń jẹun ṣáájú ọkọ l'ulé wa?"

"Ẹ má bínú, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ mi. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ṣí i nídìí."

"Kò burú. Bí a bá dé'lé, màá sọ fún wọn pé o fi ẹsẹ̀ du ọmọ bàbá ọkọ rẹ."

Ó tán. Victoria fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páàdì kúrò nítan ara rẹ̀, ó nawọ́, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ itan Ọlábísí. Nígbà tí ẹ̀rọ fẹ́ dún, ó gbà á padà kí Mercy tó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, Mercy ò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà tán tí Ọlábísí á ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, tí á sì máa retí.

Mo bi Victoria léèrè lẹ́yìn ọ̀rẹyìn pé ṣé kò ronú kan oko ni.

"Mo ronú ẹ̀ lójoojúmọ́, tíṣà. Mò ń wo itan mi bó ti ń joro. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ wí fún wọn l'ulé?"

N kò tíì rí irú ìwà òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì sunkún nígbà tí mo dé yàrá mi.

Ọjọ́ tí wọ́n wọn iṣan wọn, ọ̀rọ̀ náà rú Dókítà Adégòkè lójú. Ẹni tó gba iná ló joro jù lọ nínú gbogbo wọn, ẹni tí kò gbà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má joro rárá. Mercy ló rí àpá páàdì lára itan Ọlábísí. Dókítà wọlé tìbínútìbínú.

Ọlábísí ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Òun ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi, sà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó ṣe é."

"Màmá, ṣé òótọ́ ni?"

Victoria wo ọkọ rẹ̀. Ìyàwó kì í sọ ọkọ rẹ̀ di òpùrọ́ níwájú àlejò.

"Òótọ́ ni, sà. Èmi ni."

Dókítà yọ àwọn méjèèjì kúrò nínú ìwádìí rẹ̀. Ìdáhùn tó ń wá wà níwájú rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì méjì, àmọ́ kò lè kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn ún. Mercy bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí wọ́n ṣáà fi eré ìdárayá ran ìyá yìí lọ́wọ́. Dókítà ní òun ò ní òṣìṣẹ́ tí òun máa fi tọ́jú ẹni tó ba iṣẹ́ òun jẹ́. Wọ́n gbé Victoria sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n gbé e wálé. Ọlábísí jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

Kókó pọ́n. Mo lọ bẹ Stephen pé kó sún ọjọ́ síwájú.

"Kókó ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dun ẹnìkan," ó ní.

Ó tún ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ di Victoria mú. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo ń bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfọwọ́ kàn án. Ó fi ọ̀pá rìn dé ibi tí ilé ti tán lójú ọ̀nà, eékún rẹ̀ yẹ̀, ó ṣubú. Ó dìde, ó tún ṣubú. Ọlábísí kọjá lára rẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó," kò sì dúró. Ni Victoria bá bẹ̀rẹ̀ sí í rákò nínú iyẹ̀pẹ̀ títì. Àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un. Aṣọ rẹ̀ ya, eékún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò dúró. Stephen bá a níbẹ̀, ó dúró lé e lórí.

"Kó rìn la ní, a ò ní kó rá," ó wí. "Ẹ gbé e lọ s'ulé."

Èmi àti ọlọ́kadà kan la gbé e.

Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ ni Victoria ń jókòó sí láti àárọ̀. Ní ìgbà ìkórè, Ọlábísí a máa da kókó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kó máa bá òun fọ́ ọ, nítorí ó ní ọwọ́ rẹ̀ ò kú. Victoria a sì máa fọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ tí Victoria bi Ọlábísí léèrè bóyá àwọn igi etí odò so dáadáa lọ́dún yìí. Àwọn ni òun àti Bọ́lárìnwá kọ́kọ́ gbìn, lọ́dún tí wọ́n gbé e wọlé.

"Mo ti gé gbogbo wọn," Ọlábísí dáhùn. "Wọ́n ti gbó, wọn ò wúlò mọ́."



"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," Victoria wí, ó sì mú kókó mìíràn, ó fọ́ ọ.