Kòtò Tí Bàbá Mi Ti Dí

Wọ́n sọ bàbá mi di ẹlẹ́bi lónìí torí pé wọ́n tètè tún oko wọn ṣe.

Àgbàrá ló gbẹ́ kòtò sáàárín oko náà, lẹ́yìn àdúgbò Olúyọ̀lé. Ìjọba ní àwọn máa ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti tún ilẹ̀ ṣe. Òní ni akọ̀wé ìjọba tó wá yẹ̀ ẹ́ wò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

"Bàbá, kòtò ọ̀hún dà?"

"A ti dí i. Àgbàdo ò lè dúró dè yín."

"Ohun tí mo bá fojú rí ni mo lè kọ, Bàbá. Màá padà wá lọ́jọ́bọ̀."

Ẹni tó bá wa pààlà ò fọwọ́ kan kòtò tiẹ̀. Akọ̀wé kọ orúkọ ẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ lójú wa.

Bàbá ti gbé ọkọ́ báyìí, wọ́n fẹ́ hú kòtò náà padà kó tó di Ọjọ́bọ̀. Òjò sì ti ṣú.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé kí n gba ọkọ́ yẹn lọ́wọ́ wọn, àbí kí n bá wọn hú u?