Ìpéǹpéjú Iyé Tólú

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Lọ́kọ́jà, Àǹtí Ṣèyí, ní òfin kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ láàṣì, irun ojú àtọwọ́dá, mọ́ ìpéǹpéjú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kí wọ́n lẹ tirẹ̀. Torí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mi ò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja, Àǹtí lẹ bébà rírọ̀ sí abẹ́ ojú mi, ó ní kí n dijú, kí n má sì là á títí òun á fi sọ̀rọ̀.

Láìpẹ́, mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Mò ń gbọ́ fáànù, mò ń gbọ́ òórùn gọ́ọ̀mù, mò ń gbọ́ ẹ̀mú kékeré tó ń ta kẹ́kẹ́ lókè ojú mi. Ìgbà tó yá, mo bá ara mi létí odò kan nílé, ìyá mi ń fọ aṣọ, oòrùn ń ràn lójú omi, ẹnikẹ́ni ò sì pè mí wá ṣe iṣẹ́ kankan. Inú mi dùn débi pé mi ò fẹ́ padà wá. Nígbà tí Àǹtí jí mi, ojú mi wúwo díẹ̀, ó dà bíi pé labalábá kan bà lé e. Mo wo dígí. Èmi náà ni, àmọ́ ó jọ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tó dáa dé.

"O ń hanrun," Àǹtí wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí kò bá sùn, ọwọ́ rẹ ló le jù."

Fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ wa, a kì í lẹ láàṣì mọ́ ẹran ara. Ẹyọ irun kan la ń lẹ mọ́ ẹyọ irun kan tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn síbẹ̀. Gọ́ọ̀mù wa kò fẹ́ràn òróró rárá. Tí a bá sì lẹ̀ ẹ́ tán, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́. Ìyẹn ni pé oníbàárà kò gbọ́dọ̀ bọ́jú, kò gbọ́dọ̀ dúró sídìí ìkòkò tó ń hó, kò sì gbọ́dọ̀ sunkún.

Mo padà sílé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Kàbbà. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé Àǹtí Ṣèyí kò kọ́ mi ní bí èèyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárín àwọn èèyàn tó ń kíni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń kọjá lọ gbọ́dọ̀ sọ pé "okun o", ẹni tí wọ́n bá sì kí gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Mo ta kọ́tìnì sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí kọ́tìnì. Oníbàárà mi á wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ojú dídì, ẹnì kan á kígbe "Okun o!" lóde, òun náà á kígbe "Okun!", gbogbo ojú rẹ̀ á mì, ẹ̀mú mi á sì gbé irun lọ sí imú. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n dákẹ́ tí wọ́n bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí aráyé sọ pé àwọn ò lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Àlàájà onímàsà ló ń kí wa jù. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ló ti ń dín màsà, àkàrà ìrẹsì, ohùn rẹ̀ sì máa ń já ẹṣinṣin láyà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò ń ṣú, ẹnì kan gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn tí mo ti ń da omi nù wọlé. Ó wé gèlè wálẹ̀ dé iwájú orí, ó fi awò dúdú bojú. Iyé Tólú ni. Iyé ni a máa ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, àmọ́ tísà ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí, títí kan èmi tó kọ́ ní á, bí, dí. Jẹjẹrẹ ti dá a wólẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. A ti gbọ́ pé ara rẹ̀ ti yá, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì rí i.

"Okun o, Iyé."

"Okun, ọmọ mi. Bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ó yọ awò. Oògùn tí wọ́n ń fún un ní ọsibítù ti kó irun ojú rẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba irun tínínrín díẹ̀ ló kù ní igun. Ó wò mí bóyá màá ṣe háà. Mi ò ṣe é.

"Dókítà ní mo ti bọ́," ó wí. "Ara mi gbà bẹ́ẹ̀. Ojú mi ni kò tíì gbọ́. Tí èèyàn bá kí mi, ojú mi ló ń wò, mo sì ń rí i tí àánú ń ṣe é. Mi ò lè gba àánú yẹn lọ́wọ́ Àlàájà. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo ayé ni. Ó ń fi màsà ránṣẹ́ sí mi, mò ń fọ abọ́ padà fún un, mi ò jẹ́ kó wọlé. Fi irun sí i fún mi kí n lè lọ jókòó tì í."

Mo ní kó dùbúlẹ̀. Mo fi òwú nu ìpéǹpéjú rẹ̀, òwú náà pọ́n bíi tábà.

"Iyé, kí lẹ fi pa ojú?"

"Adín ni. Láràárọ̀, lálaalẹ́. Ìyá mi ní adín ń hu irun."

Mo nù ún, mo tún un nù. Ní gbogbo ibi tí mo bá fi gọ́ọ̀mù sí, ńṣe ni irun ń yọ̀ ṣubú. Èmi tí mò ń fọ́nnu káàkiri Kàbbà pé ọwọ́ mi dáa, adín ìyá àgbà kan ti sọ mí di aláìmọṣẹ́. Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí màá sọ ni ohùn kan ti dé láti ìta.

"Ará ibí, okun o!"

"Okun o, ọ̀rẹ́!" Iyé Tólú dáhùn. Ó ti sọ ọ́ kó tó rántí.

Ìta dákẹ́. Iyé di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ó mọ̀ mí?" ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo ní mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ Àlàájà padà lọ. Nígbà tó yá tí mo ká kọ́tìnì, mo bá abọ́ kan nílẹ̀. Màsà ẹni kan ni Àlàájà máa ń fún mi. Ti ẹni méjì ló wà níbẹ̀.

Mo sọ fún Iyé pé kó jáwọ́ nínú adín, kó sì máa wá kí n máa bá a fọ ìpéǹpéjú. Ó ń wá lóòótọ́. Á gba ẹ̀yìn wọlé, á dùbúlẹ̀, màá fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú rẹ̀. Òjò á máa rọ̀ sórí páànù, òórùn màsà á gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé, Iyé á máa sọ̀rọ̀ láàárín oorun, nípa àwọn ọmọ tó kọ́, nípa oko bàbá rẹ̀ ní Ekinrin-Adde. Nígbà mìíràn èmi náà á jókòó, ẹ̀mú á wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ̀ bóyá mo sùn tàbí mi ò sùn. Tó bá yá, a ó gbọ́ "Okun o!" Iyé á dáhùn pẹ̀lú ojú dídì. Àwọn méjèèjì kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàájà kò gbé kọ́tìnì rí, èmi náà ò sì gbé e tí Iyé bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ kan ni mo tan iná sójú rẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, mo bá rí nǹkan. Mo sún iná mọ́ ọn. Irun ni, ó rí tínínrín, ó tò lọ létí ìpéǹpéjú láti igun dé igun.

"Iyé, ó ti ń hù."

"Má tàn mí, Ṣadé."

Kò lè rí i nínú dígí láìlo awò ìkàwé. Mo mú ìka rẹ̀, mo rọra fi gba etí ìpéǹpéjú rẹ̀ kọjá. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó dá a ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní kò tíì lè gbé láàṣì, pé ká ní sùúrù sí i. Ó ní òun ti ní sùúrù fún ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tí mo lẹ̀ ẹ́ fún un. Mo ṣa àwọn tó kúrú jù, tó sì fúyẹ́ jù. Èémí mi pàápàá, mo ń fà á díẹ̀díẹ̀. Iyé Tólú hanrun. Kò sí oníbàárà tí ìhanrun rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó lajú, mo gbé dígí fún un. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́, ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú.

"Ẹni yìí," ó wí, "mo mọ̀ ọ́n."

Mo kìlọ̀ fún un: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi kàn án títí ọ̀la. Ó ní òun ti gbọ́. Ó mú awò dúdú rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́, kò sì lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé kọ́tìnì.

"Okun o, Àlàájà!"

Àlàájà kò gbójú sókè. Ó yí màsà tó wà nínú agbada padà ná. "Okun, Tísà," ó wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kí ọ níbẹ̀ yẹn. Mo rò pé o fẹ́ di oníbàárà títí ayé ni." Lẹ́yìn náà ló wá wò ó. Ó wò ó dáadáa, bó ṣe máa ń wò ó tẹ́lẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ti àpótí kan sí i. "Jókòó. O ti rù. Irun ojú rẹ wá gùn ju ti ọmọge lọ, ta lo fẹ́ fẹ́?"

Iyé Tólú jókòó. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ń mì í tìtì, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Mo la ẹnu láti kígbe pé gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ. Mo pa á dé. Irun tó bá re, màá tún un lẹ̀.