Ẹ̀kán Méjì fún Ọmọ Tó Ti Gbà Á

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ìbejì ní Igbó-Ọrà, èmi ni wọ́n ní kí n wá ràn án lọ́wọ́. Mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, mo ń retí èsì jáǹbù, oorun nìkan niṣẹ́ mi. Oorun yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Òtútù mú àwọn ọmọ náà, imú wọn dí pátápátá. Ọmọ tí imú ẹ̀ dí ò lè mu ọmú: á fà á lẹ́ẹ̀kan, á tú u sílẹ̀, á figbe ta. Nọ́ọ̀sì fún wa lómi iyọ̀ nínú ìgò kékeré, ó ní ká kán ẹ̀kán méjì sí ihò imú kọ̀ọ̀kan ká tó fún wọn lọ́mú.

"Ìwọ lo máa kán an," ẹ̀gbọ́n mi wí. "O ṣáà ní o fẹ́ ṣe dókítà."

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kán imú. Ọrùn ń ro mí, ojú mi pọ́n kuku. Òwú dúdú tó wà lọ́wọ́ ọmọ kan ni mo fi ń dá wọn mọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, òwú yẹn tutù, èmi dókítà bá tú u, mo ní kí n sá a. Mo kán ti ọmọ kan, mo jókòó, mo tòògbé. Bí mo ṣe ta jí, mo gbé ọmọ, mo kán ìyókù sí i nímú títí ìgò fi gbẹ.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó wò wọ́n. "Ẹni tó ti gbà á náà lo tún kán fún?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé..."

"O rò? Ojú oorun lo ti rò ó."

Èkejì ń fẹnu mí, kò gba ọmú láti àárọ̀. Omi ti lé sójú ẹ̀gbọ́n mi, kò tiẹ̀ lágbára àtibú mi.

"Nígbà tiwa, ẹnu la fi ń fa ikun imú ọmọ," Màmá wí. "Eyín ti tán lẹ́nu tèmi. Dókítà, ó yá."

Mo dijú, mo fẹnu bo imú ọmọ yẹn, mo rọra fà á. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu, mi ò ní sọ ọ́. Mo sáré lọ tu ú síta, mo padà wá fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ gbá ọmú mú, kò tú u sílẹ̀ mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì.

"Òwú yẹn dà?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

Mi ò mọ ibi tí mo sá a sí.