Ìyá Tó Mọ Ìrìn Etí Òkun

Lọ́dọọdún, kí òjò tó le, Màmá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, máa ń tú ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja létí òkun, lódìkejì ọ̀sà Òjó, wọ́n á sún un sẹ́yìn. Lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ ìlú, kọngílá kan, agbaṣẹ́ṣe, wá kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù síwájú wọn, níbi tó túbọ̀ sún mọ́ òkun.

"Ọmọ mi, iyanrìn yìí máa ń rìn," ni Màmá kìlọ̀ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, sìmẹ́ǹtì nìyí."

Lóṣù keje, ìgbì kan tó ga ju ilé náà lọ ya wọlé láàárọ̀, ó sì gbá ilé náà lọ. Màmá fi ìró bo kọngílá tó bọ́ lọ́wọ́ omi, tí òtútù ń mú, wọ́n bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Wọn ò rán an létí ohun tí wọ́n ti sọ.

"Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ pé?" ni wọ́n bi í.

Ó ní gbogbo wọn pé. Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.