Àgbò Oníwo Kan

Orí àgbò kan wà lára ilẹ̀kùn ilé bàbá wa l'Ọ̀wọ̀. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ìwo kan péré ló sì ní. Òun ni wọ́n fi ń mọ̀ wá: "ọmọ ilé oníwo kan." Mo kórìíra orúkọ yẹn láti kékeré. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa fi àbùkù pe òun?

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi, Zakariyah. Ojoojúmọ́ ló ń nu àgbò yẹn, láti ìgbà tí Kàmál, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, ti gba ọ̀nà Líbíà lọ. Ọdún méje, a ò gbúròó rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú gbẹ́ ìwo kejì fún un." Ó ní, "Qudirat, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin." Inú bí mi. Ọ̀rọ̀ igi lásánlàsàn!

Àwọn ọkùnrin ilé wa nìkan ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀ fún. Lẹ́yìn tí mo ti bà á jẹ́ tán ni mo tó gbọ́. Ọmọkùnrin méjì ni baba ńlá wa bí. Wọ́n mú ọ̀kan lọ sí ààfin Bìní, kò padà. Baba ní kí wọ́n gbẹ́ àgbò oníwo kan. Ọjọ́ tí ọmọ tó lọ bá wọlé ni kí wọ́n fi ìkejì sí i.

Èmi ò mọ̀ o. Ìgbéyàwó Toyyibah, ọmọbìnrin Zakariyah, kù dẹ̀dẹ̀, bàbá rẹ̀ sì lọ kan òrùlé n'Ìmẹ̀rí fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní àyè rèé. Mo pe Akínwọlé agbẹ́gilére, ó gbẹ́ ìwo kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó rẹwà, n ò ní parọ́. Mo jókòó síwájú ilé, mò ń retí kí wọ́n yìn mí. Aláṣejù, pẹ́rẹ́ ní í tẹ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, láti títì ló ti rí i. Àpò irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré! "Àlìhámdùlíláhì! Kàmál! Kàmál dà?" Ó kọjá lára mi, ó ṣí yàrá kan, ó ṣí òmíràn, ó dé ẹ̀yìnkùlé, ó wo balùwẹ̀ pàápàá. Ó tún jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Qudirat, ibo lo ní kó sùn sí?"

Yéè! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi í síbẹ̀."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ ọmọ rẹ̀ fún. Akínwọlé padà wá láti yọ ìwo náà, ṣùgbọ́n igi àtijọ́ fẹ́ là, la bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwo méjì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi kì í nù ún mọ́.