Ọjọ́ Tí Mo Gé Ọrọ́ Màámi

Ọjọ́ tí mo gé igi ọrọ́ màámi kò lè kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n lọ tọ́jú ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi ọrọ́ inú ìkòkò náà sílẹ̀ fún mi ní Warri. Ìgbàkígbà tí àárò wọn bá sọ mí ni mo ń bomi rin ín. Lọ́jọ́ náà, ìdí rẹ̀ ti rọ̀, ó sì ń rùn. Mama Efe, aládùúgbò wa, tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní: "My pikin, this one no be ugu! Na water dey kill am. Cut the top." Mo gé orí rẹ̀, inú rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀! Nígbà tí ojú ibi tí mo gé gbẹ, mo gbin orí náà sínú yanrìn.

Màámi kò tíì dé. Tí àárò wọn bá sọ mí báyìí, mo kàn máa ń jókòó tì í ni.